Ṣé kí n jẹun kí n tó lo oògùn yìí? Bí ẹ ṣe máa lo oògùn tí à ń gbé mì kó lè ṣiṣẹ́

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi apoògùn lójoojúmọ́ nìyí: “Ṣé kí n jẹun kí n tó lò ó, àbí kí n lò ó láìjẹun?” Ìdáhùn kan ò sí tó bá gbogbo oògùn mu. Oúnjẹ ń ran oògùn kan lọ́wọ́, ó ń dínà òmíràn, àwọn kan sì wà tí kò kàn wọ́n bóyá ẹ jẹun tàbí ẹ ò jẹun. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí hóró oògùn ń gbà láti ẹnu dé inú ẹ̀jẹ̀ á mọ ìdí tí apoògùn fi ń tẹnu mọ́ omi, wákàtí àti oúnjẹ. Ọ̀nà yẹn la máa kọ́kọ́ tọ̀ ní ṣókí, ká tó bọ́ sórí ohun tí ẹ máa ṣe.

Bí ohun tí dókítà yín sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà níbí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí òun ló mọ ara yín.

Ọ̀nà tí oògùn ń gbà

1. Ọ̀nà ọ̀fun. Oògùn kàn ń kọjá níbí ni. Bí omi tí ẹ fi gbé e mì ò bá tó, ó lè lẹ̀ mọ́ ara ọ̀nà ọ̀fun kó sì dá egbò síbẹ̀.
2. Àpòlúkù. Ibí ni hóró oògùn ti ń túká. Omi kíkan wà nínú àpòlúkù tó lè ba àwọn oògùn kan jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nǹkan bo irú wọn lára. Bí ẹ bá ti jẹ oúnjẹ tó wúwo tàbí tó lọ́ràá, àpòlúkù máa ń di ohun gbogbo mú pẹ́ díẹ̀ kó tó tú u sínú ìfun.
3. Ìfun kékeré. Ibí ni ọ̀pọ̀ jù lọ lára oògùn ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn kan bá ti so mọ́ nǹkan mìíràn kó tó débí, á kọjá lọ sínú ìgbẹ́ ni, owó tí ẹ fi rà á sì bá a lọ.
4. Ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ máa ń kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ibòmíràn. Ẹ̀dọ̀ á yọ ìpín tirẹ̀, á pa á run, á sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Oògùn àyà dídùn tó ń jẹ́ glyceryl trinitrate fi èyí hàn dáadáa: bí ẹ bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á ba èyí tó pọ̀ jù lọ lára rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi í sí, kó lè wọ ẹ̀jẹ̀ láì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀.
5. Gbogbo ara, lẹ́yìn náà kíndìnrín. Oògùn orífífọ́ ò mọ ibi tí orí wà. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e káàkiri ni, èyí tó dé ibi tó ń dunni á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á máa tú u ká, kíndìnrín á sì máa yọ ọ́ sínú ìtọ̀.

Ìyára wọn ò dọ́gba. Paracetamol sábà máa ń kún inú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, wákàtí 2 sí 3 sì ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára. Ìdí nìyẹn tí à ń lò ó léraléra lóòjọ́. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń gba wákàtí 6 sí 12 kó tó kún, ìdajì rẹ̀ sì lè lo wákàtí 30 sí 50 lára. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó fún un, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó wá ní “kò ṣiṣẹ́ fún mi”, kò tíì fún un láyè.

Bí ẹ ṣe máa gbé e mì

1. Ẹ ka ara páálí: orúkọ oògùn, iye mílígíráàmù, iye hóró, iye ìgbà lójúmọ́, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú. Bí ibi tí wọ́n ń họ bá wà lára rẹ̀, ẹ họ ọ́, kí ẹ sì fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó lò ó.
2. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dìde dúró. Ẹ má gbé oògùn mì lórí ìdùbúlẹ̀.
3. Ẹ kọ́kọ́ mu omi díẹ̀ kí ọ̀fun lè tutù.
4. Ẹ fi oògùn sórí ahọ́n, kí ẹ sì fi omi lásán gbé e mì. Ìdajì omi inú ọ̀rá 50cl tí à ń pè ní píọ̀ wọ́tà ló yẹ kó bá a lọ. Omi díẹ̀ lásán ò tó.
5. Bó bá jẹ́ kápúsù, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Kápúsù fúyẹ́, ó máa ń léfòó lórí omi. Bí ẹ bá gbé orí sókè bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe, ẹnu ló máa dúró sí.
6. Ẹ má dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá. Ó kan doxycycline, ọ̀kan lára oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, gan-an, àti alendronate tí wọ́n ń lò fún egungun. Ẹni tó gbé doxycycline mì pẹ̀lú itọ́ ẹnu tó sì sùn lọ lè jí pẹ̀lú ọ̀fun tí kò jẹ́ kó lè gbé itọ́ mì mọ́.

Tíì, kọfí, mílíìkì àti ọtí kì í ṣe omi oògùn. Mínírà náà, ẹ fi sílẹ̀.

Oúnjẹ: èwo ni ti oògùn yín?

Bí wọ́n bá ní “láìjẹun”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó ku wákàtí kan kí ẹ jẹun, tàbí kó ti tó wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ jẹun. Àkàrà méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ ti di oúnjẹ. Bí wọ́n bá ní “pẹ̀lú oúnjẹ”, àárín oúnjẹ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀ ni.

*Láìjẹun:*
- Ampiclox àti àwọn oògùn mìíràn tí cloxacillin wà nínú wọn.
- Levothyroxine, oògùn ẹṣẹ́ ọrùn: ní àárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ.
- Omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù: bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lẹ́yìn oúnjẹ ti pẹ́.
- Rifampicin, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ife. Ó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ẹ má torí ìyẹn dáwọ́ dúró.

*Pẹ̀lú oúnjẹ:*
- Ibuprofen, diclofenac àti àwọn ìbátan wọn. Wọ́n máa ń mú kí inú ta èèyàn. Oúnjẹ ń dín ìtani wọn kù, àmọ́ kì í dáàbò bo ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n láìgba ìmọ̀ràn dókítà.
- Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ. Bí ẹ bá ń lò ó láìjẹun, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lè lé yín títí tí ẹ ó fi pa á tì.
- Flagyl.

*Pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá:*
- Oògùn ibà tí artemether àti lumefantrine wà nínú rẹ̀. A ó padà sórí èyí nísàlẹ̀.

*Èyíkéyìí tó bá wù yín:*
- Amoxicillin, paracetamol, amlodipine.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣì lóye: “lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́” kò túmọ̀ sí àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ bí oúnjẹ bá ṣe yọ sí. Fún oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wákàtí mẹ́jọmẹ́jọ ni: aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 10 alẹ́. Bí ẹ bá lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín aago 8 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, wákàtí 14 ni àwọn kòkòrò náà yóò fi rí ìsinmi lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ Ramadan: oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ rọrùn láti gbé sí ìṣínu tàbí sààrì, ti ẹ̀ẹ̀mejì náà sì lè ṣe é ṣe. Ti ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ò ṣe é fún pọ̀. Ẹ má dà á pọ̀ lò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣínu. Ẹ béèrè bóyá oògùn mìíràn wà tó ń pẹ́ lára. Àwọn tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti rí dókítà wọn kí ààwẹ̀ tó wọlé, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Àwọn ohun tí kì í bá oògùn rẹ́

*Mílíìkì, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn àyà títa.* Èyí ló ń ba oògùn jẹ́ jù lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Calcium wà nínú mílíìkì, áyọ́ọ̀nù wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ bíi fersolate, magnesium àti aluminium sì wà nínú oògùn funfun tí à ń mu fún àyà títa. Gbogbo wọn ló ń so mọ́ àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn bíi ciprofloxacin, tetracycline àti doxycycline nínú ìfun, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ lo ciprofloxacin ní wákàtí 2 ṣáájú wọn tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Levothyroxine fẹ́ wákàtí 4 láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí calcium. Ẹni tó fi ògì oní-mílíìkì gbé ciprofloxacin mì fún ọjọ́ márùn-ún lè wá máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

*Tíì àti kọfí.* Wọn kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wọlé dáadáa. Ẹ fi omi ọsàn lo fersolate dípò wọn, ó ń ràn án lọ́wọ́. Ìgbẹ́ yín á dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí.

*Gíréèpù (grapefruit, kì í ṣe èso àjàrà).* Èso yìí àti omi inú rẹ̀ ń dí ẹ̀rọ tí ìfun fi ń tú àwọn oògùn kan ká. Nifedipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) àti simvastatin (oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) wà lára wọn: èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ á ju ohun tí dókítà ṣírò lọ. Bí ẹ bá tiẹ̀ jẹ ẹ́ láàárọ̀ tí ẹ sì lo oògùn lálẹ́, ìyẹn ò ní gbà yín, torí agbára rẹ̀ lè pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ. Ọsàn lásán ò ní wàhálà yìí.

*Ọtí.* Ẹ má mu ún pẹ̀lú Flagyl, àti títí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà wà nínú rẹ̀.

*Àgbo.* Àgbo kì í ní ìwọ̀n kan, ohun tó wà nínú ìgò tòní lè yàtọ̀ sí ti àná, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí òun àti oògùn ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, wárápá tàbí oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Wọn ò ní bá yín jà. Ohun tí ẹ fi pa mọ́ ló lè ṣe yín ní jàǹbá.

*Rifampicin àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí.* Rifampicin ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára tú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ká débi pé oyún lè dé. Ẹ béèrè fún ọ̀nà mìíràn.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọ́, lọ̀ tàbí jẹ lẹ́nu

Ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ oògùn. Bí ẹ bá rí SR, XR, XL, ER, MR, CR tàbí Retard, odindi ni kí ẹ gbé e mì. Wọ́n ṣe é kó máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 12 tàbí 24. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ ti ṣí ìlẹ̀kùn odò: oògùn odindi ọjọ́ kan á ya wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nifedipine Retard tí wọ́n fọ́ fún bàbá àgbàlagbà torí pé kò lè gbé e mì lè já ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú.

EC túmọ̀ sí pé wọ́n bò ó lára kí omi kíkan inú àpòlúkù má bàa bà á jẹ́, tàbí kí òun má bàa ba àpòlúkù jẹ́. Àwọn hóró wẹ́wẹ́ inú kápúsù omeprazole náà nìyẹn, ẹ má jẹ wọ́n lẹ́nu.

Ìlà tó wà láàárín hóró kan sábà máa ń fi hàn pé ẹ lè dá a sí méjì. Síbẹ̀, ẹ béèrè.

Bí ẹni náà ò bá lè gbé hóró mì:
- ẹ béèrè bóyá olómi rẹ̀ wà;
- tàbí hóró tó ń yọ́ nínú omi;
- tàbí oògùn mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Oògùn ibà: bí ẹ ṣe máa lò ó títí dé òpin

Coartem àti àwọn tó jọ ọ́, tí artemether àti lumefantrine wà nínú wọn, ni àpẹẹrẹ tó dára jù, torí pé wákàtí, oúnjẹ àti iye hóró ló pàdé nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀; kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà.

Iye hóró 20/120 (artemether 20 mg, lumefantrine 120 mg) lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara:
- kílò 5 sí 14: hóró 1
- kílò 15 sí 24: hóró 2
- kílò 25 sí 34: hóró 3
- kílò 35 sókè: hóró 4

Bó bá jẹ́ 80/480 ni wọ́n tà fún àgbàlagbà, hóró 1 péré ni lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ti ṣi èyí lò, torí páálí méjèèjì jọra.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 àárọ̀:
1. Ọjọ́ kìíní: aago 7 àárọ̀, lẹ́yìn náà aago 3 ọ̀sán. Wákàtí 8 ló wà láàárín wọn, kì í ṣe 12.
2. Ọjọ́ kejì: aago 7 àárọ̀, aago 7 alẹ́.
3. Ọjọ́ kẹta: aago 7 àárọ̀, aago 7 alẹ́.

Lumefantrine kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ọ̀rá ló ń gbé e wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ibà mú kì í sì í fẹ́ jẹun. Bí oúnjẹ gidi ò bá ṣe é ṣe, ife mílíìkì ọlọ́ràá, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà tàbí ẹ̀yin díndín díẹ̀ tó. Mílíìkì tí a kọ̀ fún ciprofloxacin lókè ló wúlò níbí. Aboyún ní láti gba ìmọ̀ràn ní ilé ìwòsàn kó tó lo oògùn ibà èyíkéyìí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ara tutù lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì tọ́jú hóró tó kù de ibà mìíràn. Kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ò ní pẹ́ padà pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá gbàgbé, tàbí bí ẹ bá bì í

- Bí ẹ bá rántí, ẹ lò ó. Bó bá ti kù díẹ̀ kí àkókò èyí tó kàn tó, ẹ fo èyí tí ẹ gbàgbé. Ẹ má lo méjì pọ̀ láé.
- Bí ẹ bá bi oògùn Coartem láàárín wákàtí kan, ẹ lo iye kan náà padà. Bí ẹ bá tún bì í, ilé ìwòsàn ni.
- Fún oògùn mìíràn, ẹ béèrè kí ẹ tó tún un lò, àfi bí ẹ bá rí odindi hóró nínú èébì.

Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi furosemide, ẹ lò ó ní àárọ̀. Ẹni tó lò ó lálẹ́ ò ní sùn.

Oògùn ọmọdé tó jẹ́ ìyẹ̀fun nínú ìgò

1. Ẹ gbọn ìgò náà kí ìyẹ̀fun lè tú.
2. Ẹ fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù sí i dé bí ìdajì, ẹ gbọ̀n ọ́n.
3. Ẹ fi omi kún un dé ojú ìlà, ẹ tún gbọ̀n ọ́n. Ìfòfò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹ tó wo ìlà náà.
4. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sí ara ìgò. Ọjọ́ 7 ni àwọn kan ń lò, òmíràn ọjọ́ 14. Ẹ ka ara páálí, kí ẹ sì wò ó bóyá fíríìjì ló yẹ kó wà.
5. Ẹ gbọ̀n ọ́n nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Bí ẹ ò bá gbọ̀n ọ́n, omi lásán lọmọ á mu lónìí, oògùn tó pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ìgò bá ń tán lọ.
6. Ṣíbí 5 mílílítà tó bá oògùn wá tàbí síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ọbẹ̀ ò ní ìwọ̀n.

Paracetamol tó ń fara pa mọ́

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ò gbọ́dọ̀ lo ju hóró 500 mg mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó rù gan-an, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn tàbí tó ń mu ọtí gan-an gbọ́dọ̀ lo kéré sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ rẹ̀ ò sí níwájú gbogbo páálí. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti òtútù. Ẹni tó lo Panadol méjì, tó tún lo oògùn ọ̀fìnkìn, tó wá gba “kọ̀ǹbáìnì” ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò lè ti lo ìlọ́po méjì láìmọ̀. Ẹ yí páálí padà, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Acetaminophen ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá lò ó jù, tàbí bí ọmọdé bá gbé oògùn àgbàlagbà mì:
- Ẹ má fún un ní epo pupa. Kì í pa oògùn, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.
- Ẹ má fi ìka ṣẹ́ èébì.
- Ẹ má dúró kí àmì àìsàn yọ. Ẹni tó lo paracetamol jù lè máa ṣeré bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe fún odindi ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́. Oògùn tó ń gbà á sílẹ̀ wà, acetylcysteine, láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù.
- Ẹ gbé páálí àti hóró tó ṣẹ́ kù dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ aago tó gbé e mì.